Ilé ẹ̀kọ́ lé e, bàbá rẹ̀ lé e: níbo la fẹ́ kí ọmọ tó ń lo oògùn olóró gbà?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí pé kí n máa bá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi ná. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún púpọ̀ wá, tí mi ò lè gbé mì, tí mi ò sì lè pọ̀ sílẹ̀. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an wà lára àwọn tó jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá láti ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Ọmọ náà á tó ọmọ ogún ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìyá rẹ̀ sọ pé ibà ló ń ṣe é. Ó ní gbogbo ara ló ń ro ó, imú rẹ̀ ń da omi, ó ń làágùn, ó ń yán lemọ́lemọ́, inú sì ń run ún. Wọ́n ti fún un ní oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́. Nígbà tí mo ní kó bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀ kí n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, páálí oògùn kan jábọ́ láti inú àpò rẹ̀. Tramadol ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, igbe ni mo bọ́ sí. Mo ní, "Ohun tó ò ń jẹ nìyí! Ìyá ẹ ń ta gààrí kó o lè kàwé, ìwọ ń jẹ oògùn olóró!" Gbogbo ẹni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ló yíjú sí wa. Ìyá náà fi ìborùn bo ojú. Ọmọ náà dìde, kò dá mi lóhùn, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìyá rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e. Wọn kò padà wá mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìyókù. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ní kó máa lọ sílé kó tó di pé wọ́n wá sọ́dọ̀ wa. Bàbá rẹ̀ ní òun kò bí jàǹdùkú, kó má fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá òun. Ọmọ náà wá lọ ń gbé yàrá kan nígboro pẹ̀lú àwọn tó ń ta oògùn náà fún un. Láti ìgbà náà, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ wò ó o. Ilé ẹ̀kọ́ lé e. Bàbá lé e. Èmi nọ́ọ̀sì náà, ẹni tó yẹ kó gbà á, mo lé e. Ibi kan ṣoṣo tí wọn ò ti lé e ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta májèlé fún un.

Ohun tí mo fẹ́ ká sọ lónìí nìyẹn. Yunifásítì nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Ìlú nìkan kò lè yanjú rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, àárín wọn ni ọmọ máa ń jábọ́ sí.

Kì í ṣe ibà lásán, kì í ṣe ìwàkiwà lásán

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn. Tramadol jẹ́ oògùn ìrora tó lágbára. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tàbí tí egungun rẹ̀ kán ni dókítà máa ń kọ ọ́ fún. Bí èèyàn bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láìsí àṣẹ dókítà, ọpọlọ rẹ̀ á mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ tí kò bá rí i jẹ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀: ara ríro, ìlàágùn, imú tó ń da omi, yíyán, inú rírun, àìrí oorun sùn. Ó jọ ibà lójú ẹni tí kò mọ̀. Ìyá yẹn kò gọ̀, òótọ́ ni pé ara ọmọ rẹ̀ kò yá. Èmi tó yẹ kí n mọ̀ ni mi ò ronú. Àbí ẹ ò rí i pé ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ti ń gbìyànjú láti jáwọ́ ni ìṣòro náà fi mú un?

Ohun tí a ń pè ní bárakú nìyẹn. Àìsàn ni. Ìfẹ́ inú èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé tán, "mo ti jáwọ́" nìkan kì í lé e jáde. Ó ń fẹ́ ìtọ́jú, ó ń fẹ́ sùúrù, ó sì ń fẹ́ èèyàn.

Kì í ṣe tramadol nìkan o. Igbó wà níbẹ̀. Omi ikọ́ olóró tó ní codeine wà níbẹ̀, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Rohypnol wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni "Colorado" tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, àti ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní omi gọ́tà, níbi tí wọ́n ti ń po oògùn oríṣiríṣi pọ̀ mọ́ ọtí. Àwọn mìíràn ń fa gọ́ọ̀mù símú. Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé ọtí líle, páragà àti èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, nítorí ilé àwa àgbà gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́kọ́ ń tọ́ ọ wò.

Ìwádìí tí àjọ tó ń ṣètò ìṣirò ní Nàìjíríà, NBS, ṣe pẹ̀lú àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún 2018 fi hàn pé àwọn tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní orílẹ̀-èdè yìí tó mílíọ̀nù 14.3, láàárín àwọn tó wà ní ọmọ ọdún 15 sí 64. Wọn ò tíì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Nínú wọn, mílíọ̀nù 10.6 ló fa igbó. Ẹnì kan nínú mẹ́rin jẹ́ obìnrin, nítorí náà kí ẹni tó bí ọmọbìnrin má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ àwa Yorùbá, ló ga jù: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún.

L'Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ta ló kó o dé?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ọ̀wọ̀ mọ bí ìlú náà ṣe rí. Rufus Giwa Polytechnic wà níbẹ̀. Achievers University dé lọ́dún 2007. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí FMC, wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba yàrá nígboro, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa ní àdúgbò kan náà, tí wọ́n ń ra ata lọ́wọ́ ìyá tí àwa náà ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá jáde láti Ọ̀wọ̀ gba Ìpele lọ sí Ìdóàní, tàbí tí ẹ gba Ifọ́n lọ sí Òkèlùsẹ̀, igbó kìjikìji ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé igbó mìíràn wà nínú igbó náà. Léraléra ni àjọ NDLEA ti ń wọ inú igbó ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ dáná sun oko igbó.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2019, olóògbé Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ tó jẹ́ gómìnà wa nígbà náà, bá ọ̀gá àgbà NDLEA lọ sí ilẹ̀ Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún ṣíṣe oògùn òyìnbó. Ó ní owó ńlá ni ìpínlẹ̀ wa lè rí níbẹ̀ tí ìjọba bá ń ṣàkóso rẹ̀. Àwọn kan gbà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn kan kò gbà. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa ṣì kà á léèwọ̀, èyí tó sì ń ti inú oko wọ̀nyẹn jáde kì í lọ sí ilé iṣẹ́ oògùn kankan. Àgbẹ̀ tó ní Èkó lòun ń tà á sí, ṣé ó mọ iye tó ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà?

Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, á ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ba ìlú jẹ́. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́, á ní ìgboro ni àwọn ọmọ ti ń rà á. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ń rà á lọ́wọ́ ará ìlú, ará ìlú ń kọ́ ọ lára akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá sì lé ọmọ kan, wọ́n á ní àwọn ti fọ gbọ̀ngàn àwọn mọ́. Ibo ni ìdọ̀tí náà lọ? Ìgboro náà ni. Àdúgbò yín ni.

Ẹ rántí Òde-Ìrèlè

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa níbí ṣàlàyé ìdí tí ìlú àti yunifásítì fi nílò ara wọn. Lóṣù Kẹrin ọdún 2015, ikú dé bá Òde-Ìrèlè lójijì. Orí á fọ́ èèyàn, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, onítọ̀hún ò ní ríran dáadáa mọ́, á dákú, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Ó kéré tán, èèyàn 18 ló lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú nítorí pé wọ́n jalè ní ojúbọ rẹ̀. Àwọn kan ní Ebola ló tún padà dé.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, LUTH, ló tú àṣírí náà: ògógóró tó ní methanol ni wọ́n mu. Methanol kì í ṣe ọtí tí èèyàn ń mu. Májèlé ni, ó ń fọ́ ojú, ó sì ń pani.

Ẹ kíyè sí i. Yunifásítì ló ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ará ìlú ló mọ ohun tí olóògbé mu, ibi tó ti mu ún, àti ẹni tí wọ́n jọ mu ún. Bí ìlú bá dákẹ́ nítorí ìtìjú tàbí nítorí ìbẹ̀rù òrìṣà, ẹ̀rọ kò ní rí nǹkan kan yẹ̀ wò. Bí yunifásítì ò bá sì dá sí i, ọtí náà kan náà ni wọn ìbá tún máa mu níbi ìsìnkú.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ fẹ́ràn ògógóró: tí ẹ bá mu ún tí ojú yín ń ṣú tàbí tí orí ń fọ́ yín kọjá bó ṣe yẹ, ẹ má sùn lé e. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí Lambo ṣe ní Arò

Àwọn kan lè máa sọ pé àlá lásán ni, pé ìgbà wo ni àwọn ọ̀mọ̀wé bá ará oko jókòó. Wọ́n ti ṣe é rí, ilẹ̀ Yorùbá níbí ni wọ́n sì ti ṣe é.

Lọ́dún 1954, dókítà ọmọ Abẹ́òkúta kan, Thomas Adéoyè Lambo, dé láti ìlú òyìnbó láti wá máa tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Arò. Wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí. Lambo kò jókòó kó máa retí bíríkì. Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó wà nítòsí, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan á mú ẹbí kan dání, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹni náà á máa se oúnjẹ fún un. Láàárọ̀, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lálẹ́, wọ́n á padà sí abúlé, láàárín àwọn èèyàn. Lambo tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1961, Yunifásítì Cornell ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá bá wọn ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá. Lambo padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò lé aláìsàn kúrò láàárín èèyàn. Láàárín èèyàn gan-an ló ti wò ó sàn. Bí wọ́n bá lè ṣe é fún ẹni tí wọ́n ń pè ní wèrè nígbà náà, kí ló dé tí a ò lè ṣe é fún ọmọ tó ń jẹ tramadol?

Àwọn ará Ìbàdàn kò fi mọ síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, nípa àwọn alárùn ọpọlọ 307 tó wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ilé àdúrà, ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ilẹ̀ Gánà. Wọn ò ní kí àwọn ẹbí kó èèyàn wọn kúrò níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé láti máa lọ bá wọn níbẹ̀, kí wọ́n máa fún wọn ní oògùn, kí wọ́n sì jọ máa fikùn lukùn pẹ̀lú oníṣègùn àti wòlíì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún yá ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Àìsàn ọpọlọ ni wọ́n wò, kì í ṣe oògùn olóró, ṣùgbọ́n ilé àdúrà kan náà ni àwa òbí ń sáré gbé ọmọ tó ń fa igbó lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ní òkèèrè, ẹ jẹ́ ká wo Iceland, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà lórí omi níbi òtútù. Lọ́dún 1998, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 15 sí 16 wọn ló ti mutí yó láàárín oṣù kan. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ó ti já wá sí ìdá 5. Kí ni wọ́n ṣe? Àwọn olùwádìí ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ lemọ́lemọ́, wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ padà fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí wá bá ara wọn ṣe àdéhùn: ọmọ kò gbọdọ̀ pẹ́ níta lálẹ́, àwọn òbí ń rìn kiri àdúgbò lálẹ́ láti wo ibi tí ọmọ wà, ìjọba sì ń náwó sórí eré ìdárayá àti orin kíkọ́. Ẹ̀yin àgbà, ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ yín nìyẹn? Ọmọ gbogbo àdúgbò ni ọmọ. Ohun tí a jù sílẹ̀ ni wọ́n gbé.

Ohun tí a lè ṣe níbí

Ẹni kan ò gbọdọ̀ máa retí Àbújá. Ohun tí mo rò pé ó wà lágbára wa l'Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ nìyí.

Àkọ́kọ́, kí ilé ẹ̀kọ́ gíga má máa fi lílé ọmọ ṣe ìtọ́jú. Ọ̀gá àgbà NDLEA, Buba Marwa, ti ń pè fún àyẹ̀wò oògùn olóró fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àyẹ̀wò dára, ṣùgbọ́n tí kò bá sí ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀, ńṣe ni àwọn ọmọ á túbọ̀ máa sá pamọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ pe òbí, kí wọ́n fi ọmọ ránṣẹ́ sí dókítà, kí wọ́n fún un láyè láti padà.

Ìkejì, kí àwọn lánlọ́ọ̀dù ní ẹnì kan ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lè pè tí wọ́n bá rí ọmọ tó ti ń yàtọ̀. Kì í ṣe ọlọ́pàá o. Ẹni tó máa wá jókòó ti ọmọ náà ni.

Ìkẹta, àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà ní Achievers University. Kí wọ́n máa jáde wá sí ọjà àti ilé ìpàdé àdúgbò, kí wọ́n lọ títí dé Ìmẹ́rì àti Arímọ̀gíjà. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ gbé ní Ìgbò-Ọrà, láàárín àwọn ará Ìbàràpá. Kò ba iyì wọn jẹ́.

Ìkẹrin, kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń ta oògùn ní kẹ́mísì, kí àwọn ọba àti àwọn ìyálọ́jà sì dúró tì í. NAFDAC kò fọwọ́ sí tramadol tó ju 100 mílígíráàmù lọ. Ẹni tó bá ń ta 225 fún ọmọ yín kì í ṣe oníkẹ́mísì, májèlé ló ń tà.

Ìkarùn-ún, àwa náà. Bí ìlú bá ń pe ọmọ ní "jàǹdùkú" àti "ọmọ igbó," ta ni yóò jẹ́wọ́?

Àwọn àmì tí òbí lè fi mọ̀

Kò sí àmì kan ṣoṣo tó dá ọ̀rọ̀ yìí dúró, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, ẹ bi í léèrè pẹ̀lú ìfẹ́. Ọmọ tó ń sùn jù tàbí tí kì í sùn rárá. Ojú tó ń pọ́n, tàbí ẹyin ojú tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Owó àti ẹrù tó ń sọnù nínú ilé. Ọ̀rẹ́ tuntun tí kì í wọlé wá kí yín. Ìwé tí kò lọ dáadáa mọ́. Ìgò omi ikọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìbínú òjijì. Ibà tí kì í tán, tó ń lọ tó ń bọ̀, tí oògùn ibà kì í ràn.

Tí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe é nígbà tó bá ti lò ó. Ẹ mú un lọ síbi tí kò ti sí èrò. Ẹ ní, "Mo rí i pé ara rẹ ò dá ṣáká. Sọ fún mi, mi ò ní lé ẹ." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀yin àgbà, àpótí oògùn yín ńkọ́?

Ẹ má bínú sí mi. Inú àpótí oògùn ìyá àgbà ni àwọn ọmọ kan ti rí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Oògùn ìrora orúnkún, oògùn oorun, omi ikọ́: ẹ máa tì í pa, ẹ máa ka iye tó kù. Èyí tí ẹ ò lò mọ́, ẹ má fi pamọ́ de ọjọ́ mìíràn, ẹ dá a padà fún ilé oògùn. Ẹ má sì fi "oògùn mi ràn mí lọ́wọ́" fún ẹlòmíràn jẹ.

Ẹ má rán ọmọ lọ ra ọtí. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí inú ọ̀rá, kí ìjọba tó tún sún un síwájú. Kò dìgbà tí ìjọba bá parí tirẹ̀ kí a tó ṣe tiwa nínú ilé.

Tí ọmọ bá dákú

Èyí ni kí ẹ gé pamọ́. Tí ẹ bá bá ọmọ tí kò jí, tí ó ń mí díẹ̀díẹ̀ tàbí tí ó ń hanrun lọ́nà tó ṣàjèjì, tí ètè rẹ̀ ti ń dúdú:

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí èébì má baà há a lọ́fun. Ẹ tú aṣọ tó fún un lọ́rùn. Ẹ má rọ epo pupa, mílíìkì, tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò jí kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà. Tí gìrì bá mú un, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ sáà kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú páálí tàbí ìgò ohun tó lò dání. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní naloxone tó lè dá èémí ẹni tó jẹ tramadol tàbí codeine ní àjẹjù padà, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó jẹ.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ má gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì kí ẹ tì í mọ́lé. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kó máa rí ohun tí kò sí, kí gìrì mú un, kó sì kú. Abẹ́ àmójútó dókítà ló yẹ kó ti jáwọ́.

Ẹ má sì de ọmọ ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó gba ipò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àdúrà àti ìtọ́jú jọ máa lọ.

Ibi tí ẹ lè lọ: FMC Ọ̀wọ̀, wọ́n á tọ́ yín sọ́nà, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ fún àrùn ọpọlọ l'Ákùúrẹ́, tàbí Arò l'Abẹ́òkúta. NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí ẹ lè pè fún ìmọ̀ràn, 080010203040.

Nọ́ọ̀sì ni mí, kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti jáde lọ, mi ò tún pariwo mọ́ aláìsàn kankan mọ́. Tí mo bá rí páálí oògùn, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń fà àga jókòó, mo máa ń béèrè pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Ó yà mí lẹ́nu iye àwọn tó ti dá mi lóhùn.

Ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí ìwé ìròyìn yìí bá kàn yín lọ́wọ́, ẹ dárí jì mí. Bí ọmọ náà bá wà láàyè níbikíbi, ẹ sọ fún un pé kó padà wá. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní irú rẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ibi tó ń lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wa.